Igi Tí Màmá Àgbà Kà fún Òtútù

Màmá Àgbà kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá òtútù ń mú un. Iye igi tó ti jó ni wọ́n máa ń béèrè. Bí wọ́n bá ti mọ iye igi tó jó, wọ́n gbà pé àwọn mọ iye ooru tó wà nínú ilé. Bí eyín rẹ bá ń gbá ara wọn nígbà náà, eyín rẹ ló ń parọ́.

A sin wọ́n lóṣù kejì ọdún yìí. Àwọn tó wá kí wa ń sọ̀rọ̀ nípa àdúà wọn, nípa ààwẹ̀ tí wọn kì í jẹ, nípa ìborùn wọn tó máa ń funfun nigínnigín. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni èmi ti mọ̀ wọ́n, níbi tí wọ́n ti ń ka igi. Ti ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí mi ò rò pé ẹlòmíì máa sọ ọ́.

Peckham ni ilé wọn wà, ní òpópónà kékeré kan tí kò jìnnà sí Rye Lane, ilé bíríkì àtijọ́ tó fara ti ti aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì. Bàbá Àgbà ti ra ilé náà tipẹ́ kí wọ́n tó kú. Lọ́dún tí bọ́ílà gáàsì bàjẹ́, Màmá Àgbà ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù pẹ̀lú gbogbo páìpù rẹ̀, kí wọ́n gbé sítóòfù onírin tó ń jó igi sí pálọ̀. Mọ́mì mi, tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti wà nílé ọkọ nígbà náà. Mọ́mì bẹ̀ wọ́n lórí fóònù títí. Wọn ò gbà. Wọ́n ní gáàsì kì í ṣe ẹni tó ṣeé fọkàn tán.

"Mi ò rí i nígbà tó wọlé, mi ò rí i nígbà tó jáde. Igi ni mo lè wò lójú."

Bí oṣù kẹta bá ti ń parí lọ, tí gbogbo àdúgbò ń dúpẹ́ pé òtútù ti ń kásẹ̀ ńlẹ̀, ìgbà yẹn ni Màmá Àgbà máa ń jókòó ti kàlẹ́ńdà ilé ìdáná wọn. Wọ́n pín ọjọ́ òtútù sí mẹ́ta: ọjọ́ kádígàn, ọjọ́ kóòtù, àti ọjọ́ kóòtù méjì. Ọjọ́ kádígàn, ìdajì agbọ̀n igi. Ọjọ́ kóòtù, agbọ̀n kan, ìtì mẹ́rin. Ọjọ́ kóòtù méjì, agbọ̀n kan àtààbọ̀. Láti ìgbà tí òtútù ti dé ni wọ́n ti ń fa ìlà sórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìlà kan, méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n á wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Bí igi ọdún náà bá jẹ́ igi fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ tó ń jó bí ìwé, wọ́n á fi kún un. Bó bá jẹ́ igi líle, wọ́n á yọ kúrò. Wọ́n á fi igi ọ̀sẹ̀ méjì lé e fún òtútù aláìgbọràn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye agbọ̀n náà sára ògiri àtíbàbà igi.

Kì í sì í ṣe ti ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń kà. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ní láti rí ẹ̀ẹ̀rùn méjì kó tó gbẹ dénú, nítorí náà ti ọdún mẹ́ta-òní ni wọ́n ń kà. Ọ̀nà mẹ́ta ni àtíbàbà náà pín sí: igi ọdún yìí, igi ọdún tó ń bọ̀, àti èyí tó ṣì tutù. Mo béèrè lẹ́ẹ̀kan ìdí tí wọ́n fi ń yára tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹni tó bá dúró dìgbà tí òtútù dé kó tó ka igi, èéfín ni yóò yá."

Ẹni tó ń kó igi wá fún wọn ni Uncle Rájí, ọmọ Ìkirun bíi tiwọn, tó ń bá àwọn èèyàn gé igi ńláńlá tó bá fẹ́ wó lu ilé lápá Forest Hill. Ọdún mẹ́sàn-án ni Uncle Rájí fi bá wọn ṣe é. Lọ́dún kan tí òtútù pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, Màmá Àgbà ní kí wọ́n bá àwọn wá igi gbígbẹ díẹ̀ kún ti ilẹ̀. Gbígbẹ ò tó lọ́wọ́ Uncle Rájí, ni wọ́n bá da tútù mọ́ ọn nísàlẹ̀ ọkọ̀. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá Àgbà wọ bàtà òjò, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí Uncle Rájí sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀. Màmá Àgbà wá ń mú ìtì igi méjì-méjì, wọ́n ń gbá ọ̀kan mọ́ èkejì lẹ́bàá etí wọn. Igi gbígbẹ á dún kọ́. Tútù á dún bọ̀, bí ìgbà tí èèyàn lu ìrọ̀rí. Nígbà tí wọ́n gbá a tán, wọ́n ní kí Uncle Rájí kó gbogbo rẹ̀ padà sínú ọkọ̀, àti tútù àti gbígbẹ.

Uncle Rájí dọ̀bálẹ̀ sínú omi òjò lójú títì, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń kọjá. "Màmá, ẹ ṣàánú mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ jẹ́ n kó tútù nìkan."

"Ẹ̀yìn tó gbé e wá ni yóò gbé e lọ."

"Màmá, ọmọ yín ni mí."

Mo wà níbẹ̀, mo gbé agbọ̀n dání. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn máa wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n wo Uncle Rájí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Igi tútù máa ń sunkún nínú iná, Rájí, omi á máa hó lẹ́nu ẹ̀. Mi ò fẹ́ ohun tó ń sunkún nínú ilé mi. Lọ sun tìẹ níbòmíì."

Ẹlòmíì ló ń gbé igi wá láti ìgbà náà. Uncle Rájí ò tún tẹ ilé náà mọ́.

Wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti kọ́ ìṣirò yẹn fún mi, ẹ̀ẹ̀kan péré, nígbà tí a jọ ń to igi. Ìyá tiwọn ń ṣe búrẹ́dì ní Ìkirun, pẹ̀lú ààrò alámọ̀ ńlá kan. Màmá Àgbà ni wọ́n ń rán láti wo igi tó máa tó fún ìyẹ̀fun ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n. Lọ́jọ́ kan wọ́n kà á dín. Iná kú, búrẹ́dì ò sì jinná. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń pọ́n, inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ìyá wọn ò nà wọ́n. Wọ́n di búrẹ́dì náà sí igbá, wọ́n gbé e lé wọn lórí, wọ́n ní kí wọ́n kiri gbogbo ìlú, kí wọ́n máa polówó pé, "Búrẹ́dì tútù rèé o, èmi ni mi ò mọ igi kà." Àwọn ọmọdé ẹgbẹ́ wọn tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń gbè é bí orin. Mo ní, "Màmá Àgbà, ìyẹn burú o." Wọ́n ò tilẹ̀ dáwọ́ igi títò dúró.

"Kí ló burú níbẹ̀? Igi ò tíì tán mọ́ mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ náà."

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí Mọ́mì fi Dádì sílẹ̀. Oṣù kọkànlá ni. A kó àpò mẹ́ta wọ bọ́ọ̀sì, a sì dé ẹnu ọ̀nà Màmá Àgbà ní ìrọ̀lẹ́ Sunday kan. Ojú òsì Mọ́mì ti wú. Màmá Àgbà ṣílẹ̀kùn, wọ́n wo ojú Mọ́mì, wọ́n wo àwọn àpò, wọ́n wò mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wẹ̀yìn, síhà àtíbàbà. Àṣé ìṣirò ni wọ́n ń ṣe.

"Iná wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ni mo kà. Ti ẹnì kan."

Mọ́mì ní, "Màmá, kò síbi tí mo lè lọ."

"Mi ò ní kí o lọ. Mo ní mi ò kà yín mọ́ ọn. Bí o bá mọ̀ pé o máa já ọkọ sílẹ̀, ó yẹ kí o ti sọ fún mi láti ọdún méjì sẹ́yìn, kí n lè la igi tìrẹ sílẹ̀."

Nígbà náà mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbà wá sílé. Wọ́n fún wa ní yàrá òkè, wọ́n sì ń bọ́ wa dáadáa; ẹ má jẹ́ kí n parọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n iná wọn kò kúrò ní wákàtí mẹ́rin. Ìtì mẹ́rin, wákàtí mẹ́rin, láti agogo mẹ́ta sí agogo méje. Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ kéárà, wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó òyìnbó nílé ìtọ́jú kan, ṣíìfù wọn kì í sì í parí kí agogo méje tó lù. Bí wọ́n bá wọlé, sítóòfù ti kú. Wọ́n á gbé ọwọ́ lé irin náà bóyá ó ṣì lọ́ díẹ̀. Màmá Àgbà á máa wò wọ́n láti orí àga, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbáà lọ́wọ́ wọn.

Ìgbà kan wà tí ibà mú mi láti ilé ìwé. Màmá Àgbà ń kírun nínú yàrá wọn. Mo ju ìtì kan sí i. Wọ́n jáde wá, wọ́n gbọ́ bí iná ṣe ń kù. Lọ́jọ́ kejì, tí mo dé pálọ̀, wọ́n gbé àga mi síta sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí mo ti lè rí iná láti inú gíláàsì ilẹ̀kùn, tí ooru rẹ̀ ò sì lè dé ọ̀dọ̀ mi. Wákàtí kan gbáko ni mo fi jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ibà lára. Mo ń sunkún, mo ń sọ pé, "It's not fair, Màmá Àgbà, it's not fair." Nígbà tí wákàtí náà pé, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n fẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí, ọwọ́ wọn rọ̀.

"Iná tó o jẹ lánàá ni òtútù tó ń jẹ ọ́ lónìí. Wọlé."

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ Màmá Àgbà, ti ilẹ̀kùn ni.

Òtútù kejì tí a lò níbẹ̀, wọ́n lọ sí Ìkirun fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí wọ́n lọ ni Mọ́mì tẹ ibi iṣẹ́ láago pé ara àwọn ò yá. Wọ́n dáná láàárọ̀. Wọn ò jẹ́ kó kú dìgbà tí a fẹ́ sùn. A wọ ẹ̀wù alápá penpe nínú oṣù kìíní. Mọ́mì gbé tìmùtìmù ibùsùn wa sílẹ̀ níwájú sítóòfù, a jọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì ń kọrin tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Ojú wọn ń dán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo mọ̀ pé ìyá mi ṣì kéré lọ́jọ́ orí; ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n péré ni wọ́n.

Màmá Àgbà dé. Wọn ò tíì bọ́ kóòtù, wọn ò tíì dáhùn ẹ káàbọ̀ wa, wọ́n gba inú ilé kọjá sí àtíbàbà. A ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Wọ́n wọlé, wọ́n fọwọ́, wọ́n kírun, wọ́n bi wá léèrè àlàáfíà. Mo rò pé ó ti tán.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ Saturday, a gbọ́ ìró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Màmá Àgbà ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú sukurudíráfà, wọ́n ń tú ilẹ̀kùn.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń wá igi ọjọ́ mọ́kànlá tó dín."

"Màmá, ẹ dákun. Mo máa wá igi rà. Mo máa bẹ Uncle Rájí."

"O ò rí i gbẹ fún mi."

Ẹni àádọ́rin ọdún gbé ilẹ̀kùn náà lórí sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mọ́mì di apá kan mú, kì í ṣe láti gbà á. Torí kó má baà wó lù wọ́n. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní, pé Mọ́mì bá wọn gbé e. Wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ọ̀dà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ilé kún fún òórùn burúkú, aládùúgbò kanlẹ̀kùn pé ṣé kò sí. Màmá Àgbà ní kò sí. Wọ́n gbé àga kan síwájú iná gan-an, níbi tí àwọn fúnra wọn máa ń jókòó, wọ́n sì pe Mọ́mì.

"Jókòó. Ilẹ̀kùn rẹ ló ń jó. Wá yáná."

Mọ́mì jókòó. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ó fi jó tán.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Mọ́mì fi sùn nínú yàrá tí kò nílẹ̀kùn. Aṣọ ni a ta sẹ́nu ọ̀nà. Màmá Àgbà kò ra òmíràn, Mọ́mì náà ò sì rà á. Mo rò pé ẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dàgbà mo bi Mọ́mì, wọ́n ní, "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ máa rí i."

Lọ́dún kẹta, nígbà tí igi wa gbẹ, a wọ inú ìṣirò. Ìtì mẹ́rin di mẹ́wàá. Wọn ò fi dín, wọn ò fi lé. Bí wọ́n bá ti kà ọ́ mọ́ ọn, kò sẹ́ni tó lè gba tìrẹ lọ́wọ́ rẹ, àwọn fúnra wọn gan-an ò lè gbà á. Èmi àti Mọ́mì wá ń yáná, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọrin níbẹ̀.

Nígbà tí mo rí fúláàtì council ní Kennington, Màmá Àgbà wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ooru ibẹ̀, inú páìpù ló ti ń wá fún gbogbo ilé náà, èèyàn ò lè pa á. Mo ti ṣí wíńdò. Wọ́n jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, òógùn ń bọ́ lójú wọn, wọ́n kọ̀, wọn ò bọ́ ọ. Mo ní, "Màmá Àgbà, ṣé kò dáa báyìí ni? Ẹnikẹ́ni ò ní láti ka nǹkan kan."

"Ooru tẹ́nì kan ò gé, tẹ́nì kan ò rù. Ta ni wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lóṣù kẹwàá tó kọjá. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde, ó kàn ń wọ́ díẹ̀. A gbé bẹ́ẹ̀dì wọn sí pálọ̀, ní ìgbọ̀nwọ́ mẹ́ta sí sítóòfù. Mọ́mì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú wọn. Ta ni ì bá ṣe é dáadáa tó Mọ́mì, tó ti fi ogún ọdún wọ aṣọ fún ìyá oníyàá? Wọ́n ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi ìpara ra ẹ̀yìn wọn kó má baà dégbò, wọ́n ń ṣe àlùwàlá fún wọn lákòókò. Bẹ́ẹ̀dì ò rùn rí.

Ìtì mẹ́rin ni wọ́n sì ń dá lójúmọ́.

Sunday kẹta tí mo lọ wò wọ́n ni mo tó fura. Mo di ọwọ́ Màmá Àgbà mú, ó tutù bí ẹja. Mo lọ sí àtíbàbà. Igi kún ibẹ̀ dé òrùlé, gbígbẹ, igi ènìyàn mẹ́ta bí wọ́n ṣe kà á. Mo kó ìtì mẹ́ta mọ́ àyà, mo ń bọ̀. Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?"

"Mọ́mì, wọ́n ń gbọ̀n. They're freezing."

"Ìtì mẹ́rin, wákàtí mẹ́rin. Ti ẹnì kan."

Ohùn wọn ò ga. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn ń wò mí, ojú wọn sì rí bí ojú ẹni tó ti ń ka nǹkan látọjọ́ pípẹ́, tí ìṣirò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pé. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mo ga ju Mọ́mì lọ. Kò sóhun tó ní kí n má kọjá lára wọn.

Mo dá igi náà padà.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ sọ pé pálọ̀ náà tutù jù. Mọ́mì bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Láti ìgbà náà, tó bá ti ku wákàtí méjì kí nọ́ọ̀sì dé, wọ́n á dáná ńlá. Tó bá lọ, wọ́n á jẹ́ kó kú.

Màmá Àgbà mọ̀. Wọ́n ń gbọ́ iye ìgbà tí ilẹ̀kùn sítóòfù ń dún. Wọn ò ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Wednesday kan, èmi àti Mọ́mì wà níbẹ̀, Mọ́mì ń fi ìtì kẹrin sínú iná. Wọ́n pe Mọ́mì ní orúkọ, ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu wọn.

"Mẹ́rin ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń lọ. Dín in kù sí mẹ́ta."

Mọ́mì jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń sunkún, mo rò pé agbọ̀n kíkún ni wọ́n máa gbé wọlé. Nígbà tí wọ́n wọlé, ọwọ́ wọn ṣófo. Lọ́jọ́ kejì, ìtì mẹ́ta.

Ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn náà ni Màmá Àgbà kú, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Lọ́jọ́ àdúà ọjọ́ kẹjọ, Mọ́mì dáná láti ìdájí. Wọn ò kà á. Wọ́n ń gbé agbọ̀n tẹ̀lé agbọ̀n wọlé títí irin sítóòfù fi pọ́n. Àwọn ìyá àsàlátù jókòó kún pálọ̀, wọ́n ń fi etí ìborùn fẹ́ ara wọn. Aunty Ṣakírà, ọ̀rẹ́ Màmá Àgbà, bọ́ kóòtù wọn, wọ́n nu ojú.

"Ilé yìí mà móoru o! Àlàájà jayé. Òtútù London ò rí wọn gbé ṣe."

Mọ́mì ní, "A ò jẹ́ kó mú wọn, ma."

"A mọ̀. Gbogbo wa la rí i."

Ááfà tó wá darí àdúà gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n tọrọ àforíjì fún òkú, wọ́n tọrọ alujánnà. Wọ́n wá yíjú sí Mọ́mì, wọ́n ní kí wọ́n kúnlẹ̀. Mọ́mì kúnlẹ̀ níwájú sítóòfù, wọ́n tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀.

"Bí o ṣe tọ́jú ìyá rẹ lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ tìrẹ yóò tọ́jú rẹ."

Gbogbo pálọ̀ ní, "Àmín." Mọ́mì ò dáhùn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wá mi láàárín àwọn èèyàn, títí ojú wa fi ṣe mẹ́rin.

Mo ní, "Àmín."